Láti Ike Omi Iyọ̀ ní Kuje dé Adágún Ńlá ti Utah

Láti ọdún 2016 ni mo ti ń mú ọmọ ẹja àrọ̀ jáde látinú ẹyin fún títà ní Kuje, ní agbègbè olú-ìlú wa Àbújá, lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ọmọ ẹja bá jáde nínú ẹyin ni ọ̀ràn máa ń bẹ̀rẹ̀, torí pé oúnjẹ tó gbé wá láti inú ẹyin ti tán lọ́jọ́ náà, ẹnu rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Kò tíì lè jẹ oúnjẹ ẹja tí à ń rà nínú àpò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ebi sùn mọ́jú. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni Artemia, edé kékeré kan tó ń gbé inú omi iyọ̀, tí ẹyin rẹ̀ máa ń wá nínú agolo, tó gbẹ fúrúfúrú bí yanrìn, tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti èlùbọ́ iṣu. Wọ́n kọ ibi tó ti wá sí ẹ̀gbẹ́ agolo náà gedegbe: Great Salt Lake, Utah, ní Amẹ́ríkà. Mo ti ṣí irú agolo bẹ́ẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún kí n tó bi ara mi léèrè irú ibi tí ibẹ̀ jẹ́.

Bí a ṣe ń mú kí ẹyin Artemia náà là rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ó ní òfin. Mo gé ìdí ike omi ńlá kan, mo dorí rẹ̀ kodò sínú férémù onígi, mo bu omi sí i, mo fi iyọ̀ sí i, mo ki okùn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀ kí omi lè máa hó láìdákẹ́, mo tan iná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wá bu ẹyin ṣíbí kan sí i. Tó bá di bí wákàtí mẹ́rìnlélógún, tí omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin yóò ti là. Bí mo bá pa ẹ̀rọ, èèpo tó ṣófo á léfòó, ẹyin tí kò là á rì sísàlẹ̀, àwọn ọmọ náà, tí wọ́n pọ́n bí epo tí a fi omi là, á máa wọ́ tẹ̀lé iná tọ́ọ̀ṣì mi bí mo bá ṣe ń gbé e kiri lára ike. Gíráàmù ẹyin kan péré, tó bá jẹ́ ojúlówó, lè mú ọmọ tó lé ní 200,000 jáde. Mo ti rí i tó báyìí, síbẹ̀ ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu pé ohun tó ti gbẹ nínú agolo fún ọ̀pọ̀ oṣù lè jí láàárín òru kan.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ọwọ́ ni mo fi ń bu iyọ̀. Ìgbà mìíràn ẹyin á là rẹpẹtẹ, ìgbà mìíràn ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò là, ọmọ ẹja mi á sì máa kú lọ lójú mi. Mo rò pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn, ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́ kí n tó dé ibẹ̀, mo sì ṣàlàyé ohun tí ojú mi ń rí.

“Ìyá Ìbejì, gíráàmù iyọ̀ mélòó lẹ fi sí lítà omi kan?”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò wọ̀n ọ́n, sà.”

“Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Gíráàmù 25 sí 30 ni. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù, ẹyin yẹn ò ní rí omi fà mu bó ṣe yẹ, inú èèpo ni ọmọ á kú sí.”

Mo ra òṣùwọ̀n kékeré kan, nǹkan sì dẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní tó tẹ̀lé e, nígbà tí ọyẹ́ mú, mo tún ṣe àṣìṣe mìíràn. Mo fẹ́ ṣọ́ iyọ̀ lò, mo wá ń lo omi iyọ̀ kan náà léraléra láì dà á nù, mo sì fi ike náà sílẹ̀ láìdé. Nígbà tí mo máa fi wò ó dáadáa, omi ti fi bí ìka mẹ́ta lọ sílẹ̀, iyọ̀ ti dì funfun yí ara ike ká níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀, ẹyin tí mo dà sí i nígbà kẹta kò sì là. N kò fi iyọ̀ kankan kún un. Omi ló dín, iyọ̀ dúró síbi tó wà. Mo dà á nù, mo po òmíràn, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí di ọdún 2022.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Kẹ́hìndé mi bímọ ní Salt Lake City, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, mo sì lọ bá wọn tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tí mo ń gba ìwé ìrìnnà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so orúkọ ìlú náà pọ̀ mọ́ orúkọ tó wà lára agolo mi. Mo sọ fún ọkọ ọmọ mi pé bí ọmọ bá ti pé ogójì ọjọ́, kó jọ̀ọ́, kó mú mi lọ wo adágún tí wọ́n ti ń kó oúnjẹ ẹja mi. Ó ní, “Màmá, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan tí ẹ máa rí níbẹ̀ mọ́ o, mà. Omi ti sá.” Mo ní kó ṣáà mú mi lọ.

A lọ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, òtútù ń mú, mo wọ kóòtù méjì léra. Ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ la kọ́kọ́ dé. Wọ́n ti fi kíréènì gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà jáde nígbà ooru ọdún náà, torí pé omi kò jìn tó láti gbé wọn mọ́, àwọn pákó tí wọ́n ń so wọ́n mọ́ sì wà nílẹ̀ lásán. Lẹ́yìn náà a wakọ̀ lọ sí etí ibòmíràn, a bọ́ sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi tí omi wà. Ìrìn yẹn gbà wá ní ìdajì wákàtí, orí ilẹ̀ tó jẹ́ pé inú omi ló wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà funfun, èèpo tó wà lórí rẹ̀ ń fọ́ kẹ́kẹ́ lábẹ́ bàtà mi bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì tó jóná, ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ sì wà lábẹ́ èèpo yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan èèpo náà, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Ohun tó dì mọ́ ara ike mi ní Kuje lọ́jọ́sí ni mo dúró lé lórí, ó sì lọ títí dé ibi tí ojú mi lè rí i dé.

Odò mẹ́ta pàtàkì ló ń wọ inú adágún yìí, Bear, Weber àti Jordan, yìnyín tó ń yọ́ lórí àwọn òkè ló sì ń bọ́ wọn. Kò sí odò kankan tó ń jáde níbẹ̀. Omi tó bá wọlé, oòrùn ló ń fà á lọ, oòrùn kì í sì í fa iyọ̀. Iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí odò kọ̀ọ̀kan ń họ bọ̀ lára àpáta ti ń ṣẹ́ jọ síbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, láti ìgbà tí adágún ńlá ayé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bonneville ti fà sẹ́yìn, tó sì fi èyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ́kù. Omi òkun tí a mọ̀ ní nǹkan bí ìdá 3.5 iyọ̀ nínú 100. Apá gúúsù adágún yìí, níbi tí edé ń gbé, ti dé nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 lọ́dún tí mo lọ. Ti apá àríwá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà ojú irin tí wọ́n fi òkúta kún la adágún náà já ní 1959 ti yà á nípa kúrò lára àwọn odò, iyọ̀ ibẹ̀ ti pọ̀ débi pé omi kò lè gba púpọ̀ sí i mọ́, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú nítorí àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tó fẹ́ràn iyọ̀. Edé mi kò lè ṣe dáadáa níbẹ̀.

Adágún náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, kò jìn bí ìkòkò. Bí ojú omi bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan péré lọ sílẹ̀, ilẹ̀ tó máa yọ síta á pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ní 1986 àti 1987 ó kún débi pé ìjọba ibẹ̀ ra ẹ̀rọ ńláńlá láti máa fa omi rẹ̀ dà sínú aṣálẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ nígbà náà tó nǹkan bí 8,500 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ní 2022 ó kù ní nǹkan bí 2,300. Oṣù kọkànlá tí mo dúró létí rẹ̀ yẹn gan-an ni ojú omi rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù lọ láti 1847 tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹja nínú adágún náà. Edé Artemia, àti eṣinṣin kan tó ń dàgbà nínú omi iyọ̀, ló fi ibẹ̀ ṣe ilé. Edé ń jẹ ewédò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Ìdin eṣinṣin ń jẹ lára àwọn òkìtì òkúta kan tó wà nísàlẹ̀ omi, tí àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ fúnra wọn mọ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ wá. Ẹyẹ ń jẹ méjèèjì. Ẹyẹ tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá ló ń yà síbẹ̀ lọ́dọọdún, láti sinmi, láti jẹun, tàbí láti pamọ, kí wọ́n tó máa bá ìrìn wọn lọ. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní eared grebe, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yinná. Bí eléyìí bá dé lẹ́yìn ìgbà ooru, ìyẹ́ rẹ̀ á re, kò ní lè fò, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa jẹ edé láti àárọ̀ dalẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́, títí yóò fi sanra tó láti fò lọ sí gúúsù. Mo rí wọn lọ́jọ́ náà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n fọ́n ká ojú omi bí ẹ̀wà tí a dà sórí aṣọ. Inú mi dùn láti rí i pé èmi àti wọn jọ ń jẹ nínú àwo kan náà.

Bí nǹkan bá rọ Artemia lọ́rùn, ọmọ láàyè ló ń bí. Bí òtútù bá ń bọ̀, tàbí tí oúnjẹ dín, ẹyin tí èèpo rẹ̀ le ni yóò yé, ẹyin náà á léfòó, afẹ́fẹ́ á sì gbá wọn jọ di ìlà pupa gígùn lójú omi. Ìlà yẹn ni àwọn olùkórè ń wá kiri láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kìíní. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré á máa wò ó láti òkè, á sì júwe rẹ̀ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn wọ̀nyí á fi ohun aláfòó gígùn yí i ká, wọ́n á sì fà á sínú àpò. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń ka iye ẹyin tó ṣẹ́ kù nínú omi. Bó bá ti kù sí ẹyin 21 nínú lítà kan, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró, kí irúgbìn lè kù fún ọdún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ràn òfin yẹn púpọ̀, torí pé ní tiwa níhìn-ín, mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi àwọ̀n ojú kékeré kó odò títí dé orí ọmọ ẹja tí kò tó ìka. Ṣùgbọ́n òfin ìkórè, bó ti wù kó dára tó, kò lè mú omi tí kò dé wá.

Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti rí i pé bí iyọ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 17 nínú 100, ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ edé àti eṣinṣin náà nìyẹn, nítorí pé agbára tó yẹ kí wọ́n fi dàgbà kí wọ́n sì fi bímọ ni wọ́n ń ná lórí bí wọ́n ṣe máa lé iyọ̀ jáde lára. Lọ́dún 2022, iye eṣinṣin tó máa ń bo etí omi bí aṣọ dúdú já wálẹ̀ gan-an. Mo rí àwọn òkìtì òkúta tí ìdin wọn ń jẹ lára rẹ̀: wọ́n ti yọ sókè omi, oòrùn ti sá wọn funfun, nígbà tí mo fi ọwọ́ pa ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń ṣí kúrò bí ọ̀dà ògiri tó ti gbó. Ohun tó wà láàyè lórí rẹ̀ ti kú. Ẹyẹ lè fò lọ wá ibòmíràn. Òkìtì yìí kò lè sún ìka kan tẹ̀lé omi tó fà sẹ́yìn.

Ilẹ̀ tó yọ náà tún ní ewu tirẹ̀. Arsenic àti àwọn èròjà olóró mìíràn wà nínú ẹrẹ̀ rẹ̀, bí èèpo orí rẹ̀ bá sì ti fọ́, afẹ́fẹ́ á gbé eruku rẹ̀ lọ sí àwọn ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ń gbé. Wọ́n mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè já sí, torí pé ní California, adágún Owens gbẹ tán láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa odò rẹ̀ lọ sí Los Angeles ní 1913, wọ́n sì ṣì ń náwó lórí eruku ibẹ̀ títí di òní. Ọmọ-ọmọ mi tí kò tíì pé oṣù méjì nígbà náà wà lára àwọn tó ń mí afẹ́fẹ́ ìlú yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé e mọ́ àyà, n kò sì lè sùn bọ̀rọ̀.

Mo bi ọkọ ọmọ mi pé ta ló kó omi náà. Ó ní oko ni ó gba èyí tó pọ̀ jù, pàápàá koríko alfalfa tí wọ́n ń gbìn fún màlúù, lẹ́yìn náà àwọn ìlú tó ń gbòòrò, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fa omi adágún náà fúnra rẹ̀ sínú adágún ìyangbẹ kí wọ́n lè rí iyọ̀ àti èròjà kó. Mo wádìí rẹ̀ síwájú sí i, bẹ́ẹ̀ ló rí: nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi tí èèyàn ń gbà nínú àwọn odò náà ló ń lọ sí oko. Ọ̀dá àti ooru tó ń pọ̀ sí i láyé kópa níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí èèyàn ń gbà nìkan ti sọ ojú adágún náà kalẹ̀ ní nǹkan bí mítà mẹ́ta àbọ̀. A máa ń sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Adágún yìí kò gbàgbé orísun rẹ̀; àwọn tó wà ní orísun ni wọ́n gbàgbé rẹ̀. Kò sì sí ọ̀daràn kankan láàárín wọn. Àgbẹ̀ ibẹ̀ ní ìwé àṣẹ omi tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n pín omi fún oko, wọ́n pín fún ìlú, wọ́n pín fún ilé-iṣẹ́, àwọn tó ń pín in láyé ìgbà yẹn kò sì rántí kọ orúkọ adágún sínú ìwé.

Nígbà tí mo padà dé Àbújá, owó agolo Artemia ti gun òkè, ó sì tún ń gùn ún lọ ní 2023. Àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ẹja ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé adágún tó gbẹ ló fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá, torí pé gbogbo ohun tí a fi dọ́là rà ló wọ́n lọ́dún náà bí náírà ṣe já wálẹ̀. Ó dára kí a má ṣe di ẹrù náírà lé adágún lórí. Yìnyín pọ̀ gan-an lórí òkè Utah nígbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2022, ìjọba ibẹ̀ sì fi òkúta gbé ìdènà tó wà lẹ́nu ihò tí omi ń gbà kọjá lára ọ̀nà ojú irin náà sókè, kí iyọ̀ àríwá má bàa ṣàn padà sí gúúsù. Apá gúúsù fi ẹsẹ̀ bàtà tó lé ní márùn-ún ga sí i ní 2023, iyọ̀ rẹ̀ dín, edé sì gbádùn. Kẹ́hìndé fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì padà sí ibi tí àwọn onímọ̀ fẹ́ kó dé, ó sì tún ti fà sẹ́yìn láti ìgbà náà, torí pé yìnyín kì í pọ̀ lọ́dọọdún.

Ọmọ Borno kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbọ́ ìròyìn yìí lẹ́nu mi, ó ní ṣé mo gbàgbé pé àwa náà ní adágún tí kò ní ẹnu àbájáde. Baga ni bàbá rẹ̀ ti pẹja, lórí adágún Chad, wọ́n sì ń kó ilé wọn tẹ̀lé omi bí omi ti ń sá. Ní nǹkan bí 1963 adágún náà fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Nígbà ọ̀dá ọdún 1984 sí 1985, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn, ó sì ti padà kún díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì sún mọ́ bó ṣe wà. Ó ya èmi pàápàá lẹ́nu nígbà tí mo kà á pé omi rẹ̀ kò níyọ̀ púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò kan kò jáde níbẹ̀. Iyọ̀ rẹ̀ ń bá omi wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ìhà àríwá, ní Kanem ní orílẹ̀-èdè Chad, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wa káún láàárín àwọn òkìtì yanrìn. Láti kékeré ni mo ti ń fi káún se ewédú, n kò sì mọ̀ pé adágún kan ló ń tu iyọ̀ rẹ̀ dànù bẹ́ẹ̀ kí ẹja tó wà nínú rẹ̀ lè rí omi gbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n rèé. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilẹ̀ mi ní Kuje. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo ti ń fi ẹ̀rọ onínṣì méjì fa omi rẹ̀ sínú àwọn táǹkì àti kòtò ẹja mi, àgàgà láti oṣù kejìlá títí òjò yóò fi dé. Ní oṣù kejì ọdún 2021, bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Gbagyi láti abúlé tó wà nísàlẹ̀, wá bá mi. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, pé omi kò dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo dá a lóhùn pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni tèmi, pé ẹ̀rọ kan kò lè gbẹ odò, pé kó lọ bi òjò. Bàbá náà wò mí, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní oṣù kìíní 2023, ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé láti Amẹ́ríkà, mo wọ bàtà rọ́bà, mo sì rìn tẹ̀lé odò náà láti ẹ̀yìn ilẹ̀ mi lọ sísàlẹ̀, ohun tí n kò ṣe rí láti ọdún méje. Ẹ̀rọ ìfami kan wà lókè mi. Nígbà tí mo fi máa rin bíi máìlì kan àbọ̀, mo ti ka mẹ́tàlá, tèmi jẹ́ ìkejì. Tòmátì, ata, tẹ̀tẹ̀, ẹja, ilé búlọ́ọ̀kù, gbogbo wa la ń ṣe ohun tó dára. Omi tó dé orúnkún mi lẹ́yìn ilẹ̀ mi kò kọjá kókósẹ̀ ní ẹ̀rọ kẹfà. Ní ìkẹsàn-án ó ń wọ́ láàárín òkúta bí ejò. Lẹ́yìn ìkẹtàlá, yanrìn ni. Àwọn obìnrin mẹ́ta jókòó ti ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú yanrìn náà, wọ́n ń fi igbá bu omi eléérí ní ìwọ̀n àbọ̀ igbá, wọ́n ń dúró kó tún sun, wọ́n ń bù ú. Iyọ̀ funfun díẹ̀ wà lára òkúta tó wà nítòsí wọn. Odò náà kò gbẹ. A pín in tán ni.

Mo mú obì dání, mo lọ kí bàbá náà, ọmọ Borno mi sì ń bá mi túmọ̀ sí Hausa. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí mo sọ ní 2021. Ó gba obì náà, ó là á, ó fún gbogbo wa jẹ, lẹ́yìn náà ó bi mí ọjọ́ tí màá pa ẹ̀rọ mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo pa á. Ó ná mi ní owó, n kò ní purọ́. Kòtò mẹ́fà tí mo ní, mo dín wọn kù sí mẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo kọ́ ibi tí omi ìdọ̀tí ẹja yóò ti rọlẹ̀, tí yóò gba inú òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn kọjá kí n tó tún un lò, èyí tó bá sì kù ń lọ sí ẹ̀bẹ̀ ẹ̀fọ́. Mo ń sin àwọn kòkòrò omi kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Moina nínú omi tí mo fi ìgbẹ́ adìẹ sọ di àwọ̀ ewé, mo ń lù wọ́n pọ̀ mọ́ Artemia fún ọmọ ẹja, agolo kan sì ń pẹ́ lọ́wọ́ mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ike omi iyọ̀ mi ní ìdérí báyìí. Nínú àwọn méjìlá tó kù lórí odò náà, àwọn mẹ́jọ ti gbà pé kí a máa fa omi ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì pa ẹ̀rọ láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí di àárọ̀ Sátidé. Ó gbà wá ní ọdún méjì gbáko kí a tó fẹnu kò, ẹni tó wà lókè mi ló sì kẹ́yìn láti gbà.

Oṣù kejì la wà yìí, ó sì ku bí oṣù méjì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ òní mo tún rìn lọ sísàlẹ̀ odò. Omi kọjá ẹ̀rọ kẹsàn-án, ó dé ìdí igi máńgòrò kan tó tẹ̀ sórí odò, ọmọ ẹja kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ sí àwọn obìnrin onígbá yẹn ku ẹ̀rọ mẹ́rin. Bàbá náà ti ní òun yóò bá mi lọ kí àwọn tó ni wọ́n lọ́la, mo sì ti ra obì.